Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Àlàyé Lórí Fíìmù October 1 àti Ìdí Tó Fi Yẹ Kí A Ní Ojúlówó Àwo Nílé

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí ohun tí a sábà máa ń kà nínú ìwé ẹgbẹ́ wa ni oríkì, ìtàn ìlú, ewì àti ìròyìn ọjọ́ àṣà. Fíìmù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, fíìmù kan ṣoṣo: October 1, tí Kúnlé Afọláyan darí, tí Túndé Babalọlá kọ, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ilé sinimá ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2014. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn tó ti wò ó dáadáa ni kò pọ̀, àwọn tó sì ní in lọ́wọ́ kò tó nǹkan rárá. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí irú eré bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ lára olùwòran, kí n tó wá sọ ìdí tí àwo rẹ̀ fi yẹ kó wà nílé ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ̀. Bí a bá dárúkọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn, pàápàá Àjà Ló Lẹrù tó jáde ní 1969, níbi tí Lápàdé ti ń lé àwọn ọ̀daràn kiri. Kọ́lá Akínlàdé náà wà níbẹ̀, ẹni tó kọ Ta Ló Pa Ọmọọba. Nínú irú ìtàn báyìí, ìbéèrè tó ń dá òǹkàwé dúró ni “ta ni?” Ta ló jalè, ta ló pààyàn, ta ló ń purọ́? Bí a bá ti rí ọ̀daràn mú, ìtàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn, kálukú á sì padà sílé.

Eré mìíràn wà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ka “ta ni” sí. Ohun tó ń wá kiri ni “kí ló dé?” àti “kí ló wà nínú ọkàn ẹni yìí?” Kò nílò kí ẹ̀jẹ̀ máa tú jáde káàkiri. Ó lè jẹ́ ẹ̀rín ènìyàn ló máa bà wá lẹ́rù, tàbí bí ó ṣe dákẹ́ nígbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀. Eré ìfòyà ni mo máa ń pè é ní tèmi, nítorí inú ọkàn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń gbé.

Alfred Hitchcock, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó di ìlúmọ̀ọ́ká olùdarí fíìmù ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ọgbọ́n irú eré yìí fún François Truffaut, ará Faransé, nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí wọ́n ṣe ní 1962. Àpẹẹrẹ bọ́ǹbù lábẹ́ tábìlì ló lò. Ẹ jẹ́ kí n gbé e wá sílé. Bí bàbá méjì bá ń ta ayò lábẹ́ igi, tí ejò sì bu ọ̀kan ṣán lójijì, àyà wa yóò já lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ṣùgbọ́n bí a bá ti rí ejò náà lábẹ́ àga kí wọ́n tó jókòó, ọ̀rọ̀ yí padà. Gbogbo ọmọ ayò tí wọ́n bá jẹ, gbogbo yẹ̀yẹ́ tí wọ́n bá fi ara wọn ṣe, ìjayà ni fún wa. Àwa mọ̀, àwọn kò mọ̀. Ìmọ̀ yìí ni Hitchcock ń tà fún àwọn ènìyàn. Ní 1960 tí Psycho jáde, ó pàṣẹ pé kí ilé sinimá má ṣe gba ẹnikẹ́ni tó bá pẹ́ dé wọlé, nítorí ẹni tí kò bá wo ìbẹ̀rẹ̀ kò lè jẹ adùn òpin. Ọdún 1960 kan náà ni ìtàn October 1 ti ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé Afọláyan ní èyí lọ́kàn, mo kàn ń kíyè sí i ni.

Ó yẹ kí n kìlọ̀ níbí pé mo máa tú àṣírí eré náà. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, tí kò sì fẹ́ gbọ́, kó fo ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ìtàn náà, kó lọ bá mi níbi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ àwo.

Ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Akote, ní apá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ni ìtàn náà ti wáyé, ní oṣù Kẹsàn-án 1960, nígbà tí òmìnira kù fẹ́ẹ́fẹ́. Ẹnì kan ń pa àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì mọ ọkùnrin, ó sì ń fi àmì sí òkú wọn lára. Ìjọba rán ọ̀gá ọlọ́pàá kan wá láti wádìí ọ̀rọ̀ náà: Inspector Danladi Waziri, ọmọ Hausa. Olóògbé Sadiq Daba ló ṣe é, ẹni tí àwọn òbí wa mọ̀ láti inú Cockcrow at Dawn tí NTA ń gbé jáde nígbà kan, tó sì kú ní 2021. Kò gbọ́ Yorùbá. Ọlọ́pàá tó ń bá a rìn, tó sì ń ṣe ògbufọ̀ fún un, ni Sergeant Afọ̀njá, tí Káyọ̀dé Ọláìyá ṣe. Ní àkókò yìí kan náà ni Ọmọọba Adérọ́pò, tí Adémọ́lá Adédoyin ṣe, padà sílé láti yunifásítì, òun sì ni ọmọ ìlú náà àkọ́kọ́ tó gboyè. Ìlú bẹ́ sí i, wọ́n ń yọ̀, wọ́n ń jó. Àgbẹ̀ kan nìkan ni kò bá wọn dá sí i. Àgbẹ̀kọ̀yà ni orúkọ rẹ̀, Kúnlé Afọláyan fúnra rẹ̀ ló sì ṣe é.

Ẹ dúró wo àwọn orúkọ wọ̀nyí ná. Àwa tí a ń kọ́ ìtàn Yorùbá mọ Afọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìlọrin, tó gba àjèjì láti òkè ọya mọ́ra, tí ọ̀rẹ́ náà sì padà di ikú fún un. Ẹni tó sọ ọlọ́pàá Yorùbá tó ń bá ọ̀gá Hausa ṣiṣẹ́ ní Afọ̀njá kò ṣèèṣì. Bí a bá gbọ́ orúkọ yẹn, a ó máa retí ọ̀dàlẹ̀. Ṣùgbọ́n eré náà tan wá jẹ: àwọn méjèèjì mọ ọwọ́ ara wọn, wọ́n tilẹ̀ ń pa wá lẹ́rìn-ín. Àgbẹ̀kọ̀yà ńkọ́? Orúkọ tí àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn fi jà ní 1968 sí 1969 nígbà tí owó orí wọ̀ wọ́n lọ́rùn ni, ó sì bá ọkùnrin tó kọ̀ jálẹ̀ pé ọmọ òun kò ní lọ ilé ìwé mu wẹ́kú. Adérọ́pò ló wá ga jù lójú mi. Adé rọ́pò. Òyìnbó ń kó ẹrù rẹ̀, gbogbo Nàìjíríà ń bèèrè ta ni yóò bọ́ sí ipò wọn, ìlú Akote sì ti mú ọmọ adé kan sílẹ̀ tó mọ ìwé, tó mọ Gẹ̀ẹ́sì, tó lẹ́wà, tó mọ̀wàá hù. Òun náà ni apànìyàn. Akínlàdé bèèrè nínú ìwé tirẹ̀ pé ta ló pa ọmọọba. Fíìmù yìí da ìbéèrè náà bolẹ̀: ta ni ọmọọba pa?

Ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan kan àwa tí a wà ní Abuja gan-an. Òbí ọ̀pọ̀ nínú wa tẹ̀lé iṣẹ́ ìjọba láti Èkó wá síbí lẹ́yìn tí olú-ìlú ṣí kúrò níbẹ̀ ní 1991. Ibí ni a ti gbọ́n, láàárín Hausa, Gbagyi, Igbo, Tiv àti àwọn yòókù. A máa ń lọ ilé nígbà ọdún, àwọn ọmọ ìlú á máa wo ẹnu wa bí a bá sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ojú Danladi ni èmi fi wo Akote. Ó ń rí ìkíni, ó ń rí ìdọ̀bálẹ̀, ó ń rí ọba lórí ìtẹ́, kò sì mọ èwo ló jẹ́ ọ̀wọ̀ àti èwo ló jẹ́ ìbòjú. Gbogbo ohun tó bá gbọ́ ló ti gba ẹnu Afọ̀njá kọjá. Yorùbá, Hausa, Igbo àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ nínú eré náà, kò sì sí ẹnì kan nínú ìlú tó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kàn fi èdè púpọ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́ fíìmù náà. Ibi tí èdè ti pín ni apànìyàn ń sá pamọ́ sí. Olùwòran tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ ju Danladi lọ ní ìgbà púpọ̀, ejò abẹ́ àga tí Hitchcock wí ni a tún bá pàdé yẹn.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí ni súfèé. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà máa ń kìlọ̀ fún ọmọdé pé a kì í súfèé lóru? Ìyá àgbà tó wá kí wa láti ilé a máa bínú gidi bí ẹnì kan bá súfèé lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú. Nínú October 1, súfèé ló máa ń ṣáájú ikú. Corporal kan lé ẹni tí wọ́n fura sí wọ inú igbó lọ, ó gbọ́ súfèé, kò padà wálé. Láti ìgbà náà lọ, olùdarí kò ní láti fi ọ̀bẹ hàn wá mọ́, súfèé nìkan ti tó. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ní 1931, Fritz Lang ṣe fíìmù kan ní Jámánì tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, M, níbi tí ẹni tó ń pa àwọn ọmọdé ti máa ń fọn orin kan náà lẹ́nu ṣáá, afọ́jú kan sì ni ó fi orin náà dá a mọ̀. Ní Akote náà, etí ló kọ́kọ́ mọ apànìyàn kí ojú tó mọ̀ ọ́n. Níwọ̀n bí ó sì ti jẹ́ pé èèwọ̀ ni súfèé òru láàárín wa, ẹ̀rù tiwa wọra ju ti ará Jámánì lọ. Èyí ni mo máa ń tọ́ka sí bí ẹnì kan bá ní fíìmù ìfòyà kò lè ti inú àṣà wa jáde.

Kí ló wá dé tí ọmọọba fi ń pa ọmọlọ́mọ? Àgbẹ̀kọ̀yà ló tú u. Nígbà tí òun àti Adérọ́pò wà lọ́mọdé, àlùfáà òyìnbó kan mú àwọn méjèèjì lọ sí Èkó pé òun yóò rán wọn ní ilé ìwé. Gbogbo ìlú dúpẹ́. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni àlùfáà náà ń fi ipá bá wọn lò pọ̀. Àgbẹ̀kọ̀yà sá padà sílé, ó gbé ọkọ́, kò sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni, ó sì kọ ilé ìwé fún ọmọ rẹ̀. Adérọ́pò dúró, ó gbà á mọ́ra títí ó fi kàwé parí. Ọdún mẹ́fà. Wúńdíá mẹ́fà ló pinnu láti pa, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Táwa, olùkọ́ tí Kẹ́hìndé Bánkọ́lé ṣe, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló fẹ́ fi ṣe ẹ̀kẹfà.

Àwọn baba wa ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Danladi rí ẹ̀fà náà, ó kà á pé. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọ̀gá òyìnbó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé mì: ọmọọba ni, òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, kí ni a ó ti sọ fún ayé? Ó gbà. Àsíá tuntun gòkè, ìlú jó. Ọdún 2014 tí fíìmù yìí jáde ni ọdún tí Nàìjíríà pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí Lugard ti so àríwá àti gúúsù pọ̀ ní 1914, nígbà tí àwọn aláṣẹ ń gé àkàrà òyìnbó kiri. Afọláyan mú ẹ̀bùn tirẹ̀ wá: orílẹ̀-èdè tí wọ́n bí sínú àṣírí.

Ìdí tí mo fi dúró pẹ́ lórí ibí yìí ni pé kì í ṣe ìtàn 1960 nìkan. A mọ ohun tí “má sọ, ó máa bà wá lórúkọ jẹ́” ti ṣe nínú ilé wa, nínú ilé ìjọsìn àti ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Fíìmù náà fi ọgbẹ́ kan náà sára ọmọkùnrin méjì, kò sì sọ pé gbogbo ẹni tí wọ́n bá ṣe ibi sí ni yóò di ẹni ibi. Àgbẹ̀kọ̀yà kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó dákẹ́, ọmọ rẹ̀ sì ń san gbèsè ìdákẹ́ náà nítorí kò ní kàwé. Ohun tó gún mi lọ́kàn jù nínú fíìmù náà nìyẹn, ju gbogbo òkú inú igbó lọ.

Kì í ṣe pé kò lábùkù o. Àwọn ibi tí àwọn òyìnbó ti ń sọ̀rọ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì ń ṣàlàyé ohun tí ojú wa ti rí. Fíìmù náà lé ní wákàtí méjì dáadáa, a lè gé díẹ̀ kúrò kí nǹkan kan má ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ Yinka Edward tó ya àwòrán rẹ̀, àti ti Pat Nebo tó ṣètò ilé àti ohun èlò: ọkọ̀, aṣọ ọlọ́pàá, àtùpà, ògiri amọ̀. Ilú Ìlárá-Mọ̀kín àti Àkúrẹ́ wà lára ibi tí wọ́n ti yà á. Òkùnkùn inú rẹ̀ ní oríṣi: òkùnkùn igbó yàtọ̀ sí òkùnkùn inú àgọ́ ọlọ́pàá.

Òkùnkùn yìí ló gbé mi dé orí ọ̀rọ̀ àwo.

Fíìmù tí ó jẹ́ pé “ta ni?” nìkan ló ń bèèrè, ẹ̀ẹ̀kan la ń wò ó. Ti ìfòyà, ẹ̀ẹ̀mejì ó kéré tán, nítorí ìgbà kejì la ń rí i ní tòótọ́. Ẹ padà lọ wo ìgbà tí wọ́n ń kí Adérọ́pò káàbọ̀, kí ẹ wo ojú Àgbẹ̀kọ̀yà tó kọ̀ láti yọ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ìlara la rò pé ó ń ṣe é. Arárọ̀míire, tí Afọláyan ṣe ní 2009, tí Kẹ́mi Adésóyè kọ, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn agùnbánirọ̀ méjì rí ère kan nínú ilé òrìṣà tó ti di ahoro, ọdún méje oríire dé, ìyọnu sì tẹ̀ lé e. Títí fíìmù yẹn fi parí, a kò lè fọwọ́ sọ̀yà bóyá òrìṣà ló ṣe é ni tàbí ọ̀rẹ́ tó fẹ́ ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dá fíìmù dúró, kó dá a padà, kó tún un wò. Ilé sinimá kò gba èyí. Àwo gbà á.

Ṣùgbọ́n irú àwo wo? Àwọn ẹ̀gbọ́n wa mọ kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni VCD dé, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 1993, tó sì gba ọjà wa kan. Ìṣẹ́jú bíi 74 ni VCD kan lè gbà. Ìdí rèé tí fíìmù fi máa ń jẹ́ àwo méjì, tí a ó sì dìde lọ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dùn. Àwòrán rẹ̀ kò sì ju ìlà 288 lọ ní ìlànà PAL tí a ń lò ní Nàìjíríà. DVD ní ìlà 576, ẹyọ kan tó jẹ́ ìpele kan gba gígábáìtì 4.7, èyí tó tó fíìmù wákàtí méjì dáadáa.

Níbi tí àwọn olè ti wọlé nìyí. Ẹ rántí àwọn àwo tí wọ́n máa ń kọ “ogún nínú ẹyọ kan” sí lára, tí wọ́n ń tà lórí bárò ní Wúsè, ní Nyanya àti ní ibùdókọ̀ gbogbo. Báwo ni fíìmù ogún ṣe wọ inú àyè fíìmù kan? Ẹ̀rọ ń fún un mọ́lẹ̀ ni. Bí ó bá ń fún àwòrán, ohun tó rò pé ojú kò ní tètè rí ló kọ́kọ́ ń jù nù, ìyàtọ̀ kékeré láàárín dúdú àti dúdú sì wà lára rẹ̀. Àwòrán ìgbéyàwó tó mọ́lẹ̀ rekete lè fara dà á. Igbó òru kò lè fara dà á. Òkùnkùn á di àwọn àpótí kéékèèké aláwọ̀ eérú tó ń mì pẹ̀pẹ̀, ẹni tó dúró lẹ́yìn igi á sì parẹ́ mọ́ igi. Wọ́n á fún ohùn náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú, súfèé tó jìnnà á di ariwo ẹ̀rọ. Nínú eré awàdà, ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ba nǹkan jẹ́. Nínú eré ìfòyà, ibi tó ṣókùnkùn yẹn gan-an ni olùdarí kó ẹ̀rí sí. Ẹni tó wo ayédèrú October 1 kò tíì wo October 1, bí ó tilẹ̀ mọ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ayédèrú náà sì pọ̀. Ní 2015, àwọn olè àdàkọ da àwo fíìmù yìí sí ìgboro, Afọláyan sì pariwo síta. Ọgbẹ́ àtijọ́ ni nínú iṣẹ́ yìí. Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love, bàbá Kúnlé, ọmọ Àgbàmú ní ìpínlẹ̀ Kwara, tó kú ní 1996, wà lára àwọn tó fi owó ara wọn ṣe sinimá Yorùbá láti ìparí 1970 síwájú. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlà, tó gbé Ọ̀run Móoru jáde ní 1982 pẹ̀lú Ọlá Balógun gẹ́gẹ́ bí olùdarí. Gbèsè ló fi ṣe é. Olè àdàkọ rí fíìmù náà gbé, ó di ti gbogbo ìlú lórí kásẹ́ẹ̀tì, owó kò sì padà sọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Ó pẹ́ kí Bàbá Sàlà tó gbé orí sókè nínú gbèsè yẹn. Ẹni tó bá mọ èyí yóò mọ ìdí tí Kúnlé kì í fi í kánjú da fíìmù rẹ̀ sórí àwo nígbà náà, tó jẹ́ pé sinimá ló máa ń kọ́kọ́ fi í hàn. Òfin wà: ní oṣù Kẹta 2023 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ, Abuja níbí sì ni olú ilé iṣẹ́ Nigerian Copyright Commission wà. Ṣùgbọ́n òfin kò lè bá wa dé ìdí bárò, àwa là ń na owó.

Àwọn kan á ní íntánẹ́ẹ̀tì ti dé, ta ló tún ń ra àwo? Lóòótọ́, Netflix gba October 1 ní 2015, ó sì wà lára àwọn fíìmù wa tí wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń san owó oṣù ń háyà ni. Bí àdéhùn bá parí, fíìmù á kúrò. Ká má tíì sọ ti dátà, tí wákàtí méjì àwòrán tó mọ́ lè jẹ owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Kò sì sí iná. Àwo lórí àkàtà ìwé kò bèèrè dátà.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Àwo tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ máa ń jẹ́ aláwọ̀ fàdákà. Èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà dà kọ sábà máa ń ní àwọ̀ àlùkò tàbí búlúù, nítorí aró ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀, ooru Abuja ní oṣù Kẹta a sì máa ba aró yẹn jẹ́. Àmọ́ fàdákà nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí àwọn olè ńlá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wò tiwọn. Ẹ wo àmì National Film and Video Censors Board lára páálí, kí ẹ wo bí lẹ́tà ṣe mọ́ tó, kí ẹ sì sá fún èyí tó bá ní orúkọ fíìmù mẹ́wàá. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá fi àwo ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, ó lè jẹ́ ti ẹkùn 2 nígbà tí tiwa jẹ́ ẹkùn 5. Àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́jà wa sábà máa ń gba gbogbo rẹ̀, ti kọ̀ǹpútà ló máa ń ṣe agídí.

Bí ẹ bá rà á tán, etí rẹ̀ ni kí ẹ máa dì mú. Bí eruku bá wà lára rẹ̀, láti àárín sí etí ni kí ẹ nù ún, ẹ má ṣe nù ún yípo, nítorí ìlà tó bá bá ipa ọ̀rọ̀ rìn máa ń pa ẹ̀rọ lójú ju èyí tó gé e kọjá lọ. Ti VCD, ojú tí àwòrán wà lórí rẹ̀ gan-an ló lẹgẹ́ jù, abẹ́ àwòrán yẹn lohun tí wọ́n kọ sí wà. Ti DVD wà láàárín ike méjì. Ẹ má fi sílẹ̀ sínú ọkọ̀ nínú oòrùn. Ẹ má sì fi yá ẹni tó máa ń kó àwo lé orí ara wọn láìsí páálí, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀rẹ́ yín tó.

Àpótí kan wà nínú yàrá ìkàwé ẹgbẹ́ wa tí ìwé ìròyìn àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Àyè ṣì wà níbẹ̀ fún àwo. Ẹ̀rọ tó ń lo DVD ti ń wọ́n, nítorí náà bí òbí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ tirẹ̀ nù, kó gbé e wá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì mọ ibi tí a ti lè rí ojúlówó Ọ̀run Móoru, ìbáà jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì, kó jẹ́ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ gbọ́.